Òkúta tó ń se epo: ohun tí onímọ̀ ilẹ̀ ń wá lábẹ́ Mákùn-Omi

Ní ọdún 1908, ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Nigerian Bitumen Corporation kó ẹ̀rọ wá sí ìlà-oòrùn ọ̀sà Lẹ́kí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu kànga ní agbègbè Àràròmí àti Àgbàbù. Kì í ṣe àlá ló gbé wọn débẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ ti mọ ọ̀dà dúdú tó ń sun jáde nínú ilẹ̀ wọn tipẹ́tipẹ́ kí òyìnbó tó dé. Kànga tí wọ́n lù lé ní mẹ́wàá. Wọ́n rí ọ̀dà, wọ́n rí yanrìn tó rin gbindin fún epo tó ki, àmọ́ epo rọ̀bì tó ń ṣàn, èyí tí wọ́n tìtorí rẹ̀ wá, kò tó ohun tí wọ́n lè tà. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀ ní 1914, iṣẹ́ náà dáwọ́ dúró. Ọdún 1956 ni wọ́n tó rí epo tó ṣeé tà ní Nàìjíríà, Olóyìnbírì ní ilẹ̀ Ìjọ̀ ni wọ́n sì ti rí i, ibẹ̀ jìnnà réré sí ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ wá a.

Ohun tí ojú rí ni àwọn tó lu kànga 1908 tẹ̀ lé. Ìbéèrè kan wà tí wọn kò bi ilẹ̀, torí pé ìmọ̀ rẹ̀ kò tíì wà nígbà náà: níbo ni epo yìí ti jinná kó tó rìn débí? Ìbéèrè yẹn ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ tó ń yẹ òkúta orísun epo wò ń dáhùn lónìí. Iṣẹ́ wọn kò ní ariwo. Òkúta lílọ̀ kúnná, iná kékeré inú ẹ̀rọ àti ìṣirò ló pọ̀ jù níbẹ̀. Síbẹ̀ mo gbà pé kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn tó ẹni tó ń gbé Mákùn-Omi, Abígí, Ìwópin tàbí Òde-Omi, nítorí ọ̀rọ̀ epo kì í tán lẹ́nu wa létí omi ìpínlẹ̀ Ògùn, tí a bá sì ń sọ ọ́, ó yẹ ká mọ ohun tí a ń sọ.

Epo kì í gbé ibi tó ti jinná

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fojú inú rí ni adágún dúdú kan nísàlẹ̀ ilẹ̀ tí ẹ̀rọ ń fa epo inú rẹ̀ sókè. Kò sí adágún kankan níbẹ̀. Inú òkúta ni epo wà, nínú àwọn ihò tín-tìn-tín tó wà láàárín horo yanrìn kan sí èkejì. Yanrìn tó ti dì di òkúta ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn òkúta bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn jẹ́ òkúta ẹfun, irú èyí tí wọ́n ń fi ṣe sìmẹ́ǹtì ní Ewékoro.

Àmọ́ yanrìn kì í bí epo. Ó kàn gbà á lálejò ni. Òkúta oríṣi mẹ́ta gbọ́dọ̀ wà kí epo tó lè kóra jọ síbì kan. Ti àkọ́kọ́ ni òkúta orísun, ìyẹn amọ̀ tó ti dì, tó sábà máa ń dúdú tàbí kó ní àwọ̀ eérú, tí òkú ohun ẹlẹ́mìí sì wà nínú rẹ̀ dáadáa. Onímọ̀ ń pe amọ̀ dídì tó ń là pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ yìí ní ṣéélì. Inú rẹ̀ ni epo ti ń wá. Ìkejì ni òkúta agbepo, yanrìn tàbí òkúta ẹfun oníhò tí epo ń wọ̀ sí. Ìkẹta ni òkúta adépo, tó dí pinpin tí kò jẹ́ kí epo ríbi gbà sókè.

Epo fúyẹ́ ju omi lọ, omi ló sì kún inú àwọn ihò òkúta nísàlẹ̀ ilẹ̀. Nítorí náà, bí epo bá ti kúrò ní orísun, ṣe ni yóò máa gun òkè díẹ̀díẹ̀ láàárín yanrìn. Ó lè rin ọ̀pọ̀lọpọ̀ kìlómítà títí yóò fi kan òkúta adépo tó dá a dúró. Bí kò bá kan ìkankan, yóò yọ sójú ilẹ̀, afẹ́fẹ́ àti kòkòrò àìfojúrí yóò sì sọ ọ́ di ọ̀dà. Ibi tí ènìyàn ti rí epo lè jìnnà púpọ̀ sí ibi tó ti wá. Ohun tó pamọ́ lójú àwọn ti 1908 nìyẹn.

Kí ló kú tó di epo?

Àwọn kan gbà pé òkú àwọn ẹranko ńláńlá ayé àtijọ́ ló di epo. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń sọ pé òkú ènìyàn wà níbẹ̀. Méjèèjì kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ohun ẹlẹ́mìí tó kéré jù lọ nínú omi, àwọn ewéko omi tí ojú lásán kò lè rí, pẹ̀lú kòkòrò àìfojúrí, ewé, èèpo igi, àtíkè òdòdó àti èérún igi tí odò gbé wá, àwọn ló pọ̀ jù nínú òkúta orísun. Egungun ẹranko ńlá kò já mọ́ nǹkan kan nínú ìṣirò yìí.

Ní 1934, Alfred Treibs, onímọ̀ kẹ́míkà ará Jámánì, fi ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀. Ó rí àwọn èròjà kan nínú epo rọ̀bì tí ìrísí wọn bá ti èròjà tó ń mú ewé ní àwọ̀ ewé mu. Wọ́n ti bàjẹ́ díẹ̀, àmọ́ ẹni tó mọ ìyá yóò mọ ọmọ. Láti ìgbà náà ni ó ti ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti sọ pé epo kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú ohun ẹlẹ́mìí.

Kì í ṣe gbogbo ohun tó kú sínú omi ló ń di epo. Èyí tó pọ̀ jù lọ ni ẹja, alákàn, aràn àti kòkòrò àìfojúrí ń jẹ tán. Díẹ̀ gan-an ló ń bọ́. Ohun méjì ló ń dáàbò bo ìwọ̀nba tó bọ́ yìí: omi ìsàlẹ̀ tí kò ní ọ́síjìn, àti ẹrẹ̀ kíkúnná tó ń tètè bò ó mọ́lẹ̀. Ibi tí ìgbì ti ń ru omi sókè sódò, tí yanrìn tí kò kúnná sì wà, kò dára fún un. Ibi tí omi bá dákẹ́ ló dára.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé etí ọ̀sà mọ irú ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹrẹ̀ dúdú ni, tó bá kan ẹsẹ̀, òórùn ẹyin tó bàjẹ́ ló ń rú jáde. Òórùn yẹn ń sọ pé ọ́síjìn ti tán níbẹ̀ àti pé òkú ohun ẹlẹ́mìí wà níbẹ̀ tí kò tíì jẹrà tán. Odò Ọ̀ṣun àti odò Ọmọ ń kó ewé àti èérún igi láti inú igbó wọ ọ̀sà Lẹ́kí lójoojúmọ́. Ẹrẹ̀ ibẹ̀ lónìí ń bẹ̀rẹ̀ ìrìn kan náà tí ẹrẹ̀ Àràròmí bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí àádọ́rin mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n kò sí epo nínú rẹ̀ lónìí, kò sì lè sí.

Ọ̀ràn àdín

Ìdí tí epo kò fi lè sí nínú ẹrẹ̀ ọ̀sà ni pé ẹrẹ̀ náà kò tíì rí iná. Ìyá tó ń ṣe àdín yóò lóye èyí kíákíá ju ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Bó bá mú ekùrọ́ tútù lọ́wọ́ tó fún un, epo kò ní ṣàn. Epo wà nínú rẹ̀, àmọ́ iná ló ń lé e jáde. Ìyá yìí kì í ṣàdéédéé gbé ìkòkò ka iná. Ó kọ́kọ́ ń wo bí ekùrọ́ ti pọ̀ tó. Ó ń ṣa èèpo kúrò, torí èèpo kò lépo, bó ti wù kó pọ̀ tó nínú ìkòkò. Lẹ́yìn èyí ló ń ṣọ́ iná: bó bá sọ ìkòkò kalẹ̀ kí ó tó tó àkókò, àdín kò ní jáde, bí iná bá sì pọ̀ jù tó pẹ́ jù, ekùrọ́ á jóná di èédú.

Ìbéèrè mẹ́ta tí onímọ̀ ilẹ̀ ń bi òkúta orísun kò yàtọ̀ sí ti ìyá alàdín. Òkú ohun ẹlẹ́mìí inú rẹ̀ ti pọ̀ tó? Irú wo ni? Ó ti jinná dé ibo?

Nígbà tí ẹrẹ̀ bá ń rì, tí ẹrẹ̀ mìíràn sì ń gorí rẹ̀, omi ń fún jáde nínú rẹ̀, òkú ohun ẹlẹ́mìí inú rẹ̀ sì ń yí padà di nǹkan líle kan tí wọ́n ń pè ní kérójìn. Kérójìn kò ṣeé yọ́ nínú omi, kò sì ṣeé yọ́ nínú àwọn kẹ́míkà tí wọ́n fi ń yọ epo. Òun ni ekùrọ́ inú òkúta. Ooru ilẹ̀ ni iná rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi láyé, bí a bá wa ilẹ̀ lọ sísàlẹ̀ ní kìlómítà kan, ooru á fi nǹkan bíi dígírì Celsius 25 sí 30 lé sí i. Láti nǹkan bíi dígírì 60 lọ ni kérójìn ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í tú epo sílẹ̀, ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ dé nǹkan bíi dígírì 120 tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Tí ooru bá ti kọjá 150, gáàsì ló kù tí yóò máa jáde jù.

Ẹ fi ìṣirò ráńpẹ́ wò ó. Ká ní ojú ilẹ̀ wa jẹ́ dígírì 27. Ní kìlómítà kan sísàlẹ̀, ooru kò tíì tó 60. Ní kìlómítà méjì, yóò wà láàárín 77 sí 87. Ẹrẹ̀ gbọ́dọ̀ rì jìnnà kí iná tó ràn án, yóò sì wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún. Ìdí nìyí tí ẹrẹ̀ ọ̀sà kò fi lè ní epo rọ̀bì, bó ti wù kó dúdú tó.

Oríṣi kérójìn ṣe pàtàkì bí ooru ti ṣe pàtàkì. Oríṣi Kìíní ń wá láti inú ewéko omi adágún, epo ló kún inú rẹ̀. Oríṣi Kejì ń wá láti inú àwọn ohun tín-tìn-tín inú òkun, ó ń bí epo, ó sì ń bí gáàsì. Oríṣi Kẹta ń wá láti ara igi àti ewé orí ilẹ̀, gáàsì ló ń bí jù. Oríṣi Kẹrin ti jóná tàbí ti jẹrà jù kí ó tó di òkúta, òun ni èèpo inú ìkòkò. Ohun tó ń pín wọn níyà ni háídrójìn: bí ó bá ti pọ̀ tó nínú kérójìn ni epo yóò ṣe pọ̀ tó.

Ilẹ̀ méjì lórí máàpù kan

Ẹni tó bá wo Ìjẹ̀bú-Igbó, Àgọ́-Ìwòyè àti etí omi Ògùn pọ̀ lórí máàpù yóò rò pé ilẹ̀ kan náà ni. Lójú onímọ̀ ilẹ̀, wọ́n jìnnà síra wọn. Òkúta líle àtayébáyé ló wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè, irú àpáta tí a ń fọ́ ṣe òkúta wẹ́wẹ́ ìkọ́lé. Ooru tó ga ju ti epo lọ fíìfíì ló yọ́ ọ pọ̀ nísàlẹ̀ ilẹ̀, kí ó tó wá dé ojú ilẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ mílíọ̀nù ọdún. Kò sí kérójìn kan tó lè ye irú iná bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kò sí ìdí fún ẹnikẹ́ni láti máa wá òkúta orísun epo lábẹ́ Àgọ́-Ìwòyè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ni Yunifásítì Olábísí Ọnàbánjọ wà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìmọ̀ ilẹ̀.

Bí a bá ń lọ sí gúúsù, àpáta yìí ń rì, yanrìn, amọ̀ àti òkúta ẹfun sì ń gorí rẹ̀, wọ́n sì ń nípọn sí i bí a ṣe ń sún mọ́ òkun. Ilẹ̀ tó rì yìí ni wọ́n ń pè ní Ọ̀gbun Dàhòmì. Ó bẹ̀rẹ̀ láti gúúsù ìlà-oòrùn Gánà, ó gba Tógò àti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ kọjá, ó sì dé ẹ̀gbẹ́ Òkìtìpupa, níbi tí òkè kan lábẹ́ ilẹ̀ ti pín in níyà kúrò lára ilẹ̀ epo Niger Delta. Ìgbà tí Áfíríkà àti Gúúsù Amẹ́ríkà ń ya kúrò lára wọn, lé ní ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, ni ọ̀gbun náà là. Mákùn-Omi jókòó sórí rẹ̀.

Ní 1964, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ méjì, Jones àti Hockey, tẹ ìwé àti máàpù jáde lórí ilẹ̀ apá kan gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Ní 1981, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ mìíràn, Omatsola àti Adégòkè, pín àwọn òkúta ìsàlẹ̀ ọ̀gbun náà, tí wọ́n ń pè ní ẹgbẹ́ òkúta Abẹ́òkúta, sí mẹ́ta: Ìṣẹ̀, Afowó àti Àràròmí. Ìṣẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, yanrìn ló pọ̀ jù níbẹ̀. Inú yanrìn Afowó ni ọ̀dà tí gbogbo ayé mọ̀ sí bítúmẹ̀nì wà. Àràròmí ló wà lókè, ṣéélì dúdú sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ṣéélì Àràròmí ni àwọn tó ń wá òkúta orísun ní ilẹ̀ wa ń yẹ̀ wò jù.

Láti inú kànga dé inú ẹ̀rọ

Onímọ̀ kì í fẹ́ lo òkúta ojú ilẹ̀ bó bá lè rí ti ìsàlẹ̀. Òjò, oòrùn àti afẹ́fẹ́ ti jẹ òkú ohun ẹlẹ́mìí inú òkúta ojú ilẹ̀, ó sì lè fi òkúta ọlọ́rọ̀ hàn bí òtòṣì. Òkúta láti inú kànga jíjìn ló dára: yálà ègé gígùn tí wọ́n fà jáde lódindi, tàbí èérún tí ẹ̀rọ ń gbẹ́ tí ẹrẹ̀ ìlukànga ń gbé wá sókè. Èérún ni wọ́n sábà máa ń rí, nítorí fífa ègé odindi jáde wọ́nwó.

Níbí ni ìṣọ́ra ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń lu kànga máa ń da oríṣiríṣi nǹkan sínú ẹrẹ̀ wọn, ó lè jẹ́ epo dísẹ́ẹ̀lì, ó sì lè jẹ́ èèpo àgbọn tàbí èso líle tí wọ́n lọ̀ láti fi dí ihò. Bí onímọ̀ kò bá fọ èérún náà dáadáa, kó sì fi awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá ṣà á, ó lè lọ wọn èèpo àgbọn àná kó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òkú ohun ẹlẹ́mìí àádọ́rin mílíọ̀nù ọdún ni. Mo tẹnu mọ́ èyí torí pé ìwádìí tó bá ti bàjẹ́ níbi fífọ̀ kò sí ẹ̀rọ olówó ńlá tó lè tún un ṣe.

Lẹ́yìn fífọ̀ àti sísá, wọ́n á lọ òkúta náà kúnná bí ẹ̀lùbọ́. Wọ́n á da ásíìdì sí i láti fi lé kábọ́ọ̀nù inú òkúta ẹfun jáde, nítorí òkúta ẹfun náà ní kábọ́ọ̀nù, ṣùgbọ́n irú ìyẹn kò ní epo í bí. Èyí tó ṣẹ́kù ni wọ́n á jó, wọ́n á sì wọn kábọ́ọ̀nù tó jáde. Iye yìí ni wọ́n ń pè ní TOC. Bí kò bá tó ìdajì ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, òtòṣì ni òkúta náà. Bó bá tó ìdá kan, ó ti ń dára, bó bá sì kọjá ìdá méjì, ọlọ́rọ̀ ni. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò rò pé ìdá méjì kéré jù. Àmọ́ òkúta orísun máa ń nípọn ní ọ̀pọ̀ mítà, ó sì máa ń gba ilẹ̀ tó fẹ̀ gan-an. Ìdá méjì nínú irú òkìtì bẹ́ẹ̀ kì í ṣe kékeré rárá.

TOC ń sọ bí nǹkan ti pọ̀ tó, kò sọ irú tó jẹ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Rock-Eval ló ń sọ ìyẹn. Espitalié àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwádìí epo ilẹ̀ Faransé ló gbé e jáde ní 1977. Wọ́n á fi èérún òkúta tí kò pọ̀ tó ìpín kan nínú mẹ́wàá gíráàmù sínú ìkòkò kékeré inú ẹ̀rọ, níbi tí kò ti sí ọ́síjìn. Wọ́n á kọ́kọ́ mú un gbóná dé nǹkan bíi dígírì 300. Epo tó ti jinná tẹ́lẹ̀ nínú òkúta á fò jáde, òun ni wọ́n ń pè ní S1. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa fi ooru kún un títí dé 550 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Kérójìn á fọ́, epo tí òkúta náà ì bá bí lọ́jọ́ iwájú á jáde, ìyẹn S2. Ooru tí S2 ti jáde jù lọ ni Tmax. Ẹ̀rọ náà tún ń wọn gáàsì kan tó ń fi hàn bí ọ́síjìn ti pọ̀ tó nínú kérójìn, S3 ni ìyẹn.

Ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká ní TOC òkúta kan jẹ́ ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún, S2 rẹ̀ sì jẹ́ mílígíráàmù mẹ́fà nínú gíráàmù òkúta kan. Wọ́n á fi TOC pín S2, wọ́n á sì fi ọgọ́rùn-ún sọ ọ́ di púpọ̀: 300 ni yóò jáde. Iye yìí ni wọ́n ń pè ní HI, òun ló ń sọ bí háídrójìn ti pọ̀ tó. Bó bá kọjá 600, Oríṣi Kìíní ló fẹ́ jẹ́. Láàárín 300 sí 600, Oríṣi Kejì ni. Láti 200 wálẹ̀ sí 50, Oríṣi Kẹta. Bí kò bá tó 50, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Òkúta àpẹẹrẹ wa dúró ní ẹnu ibodè Oríṣi Kejì. Ṣùgbọ́n bí Tmax rẹ̀ bá jẹ́ 425, kò tíì jinná, nítorí láti nǹkan bíi 435 lọ ni wọ́n ti ń ka òkúta sí èyí tó ti ń bí epo. Ekùrọ́ pọ̀, ekùrọ́ dára, iná kò tíì ràn án.

Ibì kan wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pàápàá ti máa ń ṣì í. Wọ́n á rí Tmax 435, wọ́n á sì rò pé òkúta náà ti gbóná dé dígírì 435 nísàlẹ̀ ilẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ooru inú ẹ̀rọ ni. Ohun tí ilẹ̀ fi ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún sè pẹ̀lú ooru 60 sí 120, ẹ̀rọ fẹ́ ṣe é ní ìṣẹ́jú mélòó kan, ó di dandan kí iná rẹ̀ pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Onímọ̀ tó mọṣẹ́ kì í gba ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kan ṣoṣo gbọ́. Yóò tún gbé òkúta náà sábẹ́ awò. Àtíkè òdòdó àtijọ́ tí kò tíì gbóná máa ń pọ́n bí oyin, bí ooru bá ti ń pọ̀ sí i ni yóò máa di àwọ̀ ilẹ̀, yóò sì di dúdú níkẹyìn. Èérún igi inú òkúta náà máa ń dán sí i bó bá ti ń jinná, wọ́n sì ń wọn dídán yẹn. Bí ẹ̀rọ bá ní òkúta ti jinná, tí àtíkè òdòdó inú rẹ̀ ṣì pọ́n bí oyin, ọ̀kan nínú wọn ń purọ́, iṣẹ́ sì tún kù.

Ohun tí òkúta ilẹ̀ wa ti sọ

Ìwádìí tó ti jáde lórí ṣéélì Àràròmí láti inú àwọn kànga orí ilẹ̀ fẹnu kò lórí ohun kan. Òkú ohun ẹlẹ́mìí inú rẹ̀ tó, ó tilẹ̀ pọ̀ dáadáa láwọn ibì kan. Ìrísí rẹ̀ ń fi hàn pé ti òkun àti ti igi orí ilẹ̀ dàpọ̀ nínú rẹ̀, kò sì yani lẹ́nu, torí etí òkun ni ẹrẹ̀ náà rì sí. Àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn àpẹẹrẹ orí ilẹ̀ kò tíì jinná, tàbí kó ṣẹ̀ṣẹ̀ kan ẹnu ọ̀nà. Ẹrẹ̀ tó gorí rẹ̀ níhìn-ín kò nípọn tó.

Níbo wá ni bítúmẹ̀nì ti wá, èyí tó gùn tó nǹkan bí ọgọ́fà kìlómítà láti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ní Ògùn, gba Òǹdó kọjá, dé Ẹdó? Ìdáhùn tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ fara mọ́ ni pé apá gúúsù ló ti wá, níbi tí ọ̀gbun náà ti jìn sábẹ́ òkun tí òkúta orísun sì ti rí iná tó. Epo náà gba inú yanrìn gun òkè wá sí apá àríwá. Nígbà tó dé ibi tí kò jìn, tí ooru rẹ̀ kò tó 80, kòkòrò àìfojúrí gbé ẹnu lé e. Epo fẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fẹ́ràn, wọ́n sì jẹ ẹ́ tán. Èyí tó wúwo ló ṣẹ́kù fún wa. Àríyànjiyàn ṣì wà lórí bóyá Àràròmí tó rì jìn ni orísun rẹ̀ tàbí ṣéélì mìíràn tó dàgbà jù ú lọ lábẹ́ rẹ̀. Àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ń wá ìdáhùn nínú àwọn èròjà tín-tìn-tín tí kòkòrò kò lè jẹ, irú àwọn tí Treibs kọ́kọ́ rí, nítorí wọ́n dà bí ilà ojú tó ń sọ ìdílé ẹni.

Pé iná wà ní apá òkun kì í ṣe ìméfò. Ní ìparí àwọn ọdún 1960 ni wọ́n rí epo Sẹ̀mẹ̀ lẹ́bàá etíkun orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, wọ́n sì fà á láti 1982 títí di 1998. Ní 2016 ni epo àkọ́kọ́ jáde ní Ajé, nínú òkun Èkó. Inú Ọ̀gbun Dàhòmì kan náà ni méjèèjì wà.

Mo rò pé ohun tó yẹ kí àwọn ìjọba wa máa ná owó lé lórí nìyí, kó tó di ìlérí níwájú èrò: kí wọ́n pa gbogbo òkúta tí wọ́n bá fà jáde nínú kànga mọ́ síbi tí ọmọ ilé ìwé Àgọ́-Ìwòyè tàbí Ifẹ̀ ti lè lọ wò ó. Kànga kan ń jẹ owó rẹpẹtẹ. Bí kò bá bí epo, òkúta inú rẹ̀ ṣì lè sọ ibi tó yẹ kí wọ́n lu òmíràn sí, àti ibi tí kò yẹ.

Àmì tó ń tan ni jẹ

Ọ̀ràn àmì tí ènìyàn rò pé ó jẹ́ ti epo ń dá ìjà ilẹ̀ sílẹ̀, nítorí náà mo fẹ́ kí ó yé wa dáadáa. Nínú àbàtà, ènìyàn lè rí nǹkan tó ń dán lójú omi bí àwọ̀ òṣùmàrè. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í ṣe epo. Kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ irin inú omi ló ń ṣe é, ẹ ó sì sábà rí ẹrẹ̀ pupa nítòsí rẹ̀. Ẹ fi igi tọ́ ọ. Bó bá fọ́ sí wẹ́wẹ́ tí kò sì padà lẹ̀ mọ́ra, kòkòrò ni. Bó bá yí tẹ̀lé igi tó sì tún padà so pọ̀, epo ni, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ bi ara yín bóyá ẹ̀ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi kọjá níbẹ̀.

Bákan náà ni gáàsì tó ń hó láti ìsàlẹ̀ omi. Ewé tó ń jẹrà nínú ẹrẹ̀ ń mú gáàsì jáde, ó lè gbaná pàápàá, kò sì ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú òkúta ìsàlẹ̀. Òkúta dúdú náà kì í ṣe ẹ̀rí. Àwọn mìíràn dúdú nítorí irin àti ìmí-ọjọ́ inú wọn, TOC wọn kò sì tó nǹkan. Òkúta tí TOC rẹ̀ ga náà kì í ṣe kànga epo: ó kàn jẹ́ kí á mọ̀ pé ekùrọ́ wà.

Ẹni tó bá sì rí ohun tó yí tẹ̀lé igi, níbi tí ọkọ̀ kì í gbà, tó tún ń padà yọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó ti rí ohun tó yẹ kí onímọ̀ wò. Kó má fi ike bù ú, nítorí èròjà ike ń wọ inú epo, yóò sì ba àyẹ̀wò jẹ́. Ìgò gíláàsì tó mọ́, tí wọ́n ti fọ̀ tí wọ́n sì sá gbẹ, ni kó lò. Kó bo ẹnu rẹ̀ pẹ̀lú bébà fàdákà tí wọ́n fi ń wé oúnjẹ kó tó dé e. Kó kọ ọjọ́ àti ibi tó ti bù ú sára rẹ̀, kó gbé e síbi tútù tí oòrùn kò dé, kó sì gbé e lọ sí ẹ̀ka ìmọ̀ ilẹ̀ ní yunifásítì.